Ìbéèrè Yín: Iná LED fún Iyùn Inú Gíláàsì

Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Mo ń fi ọwọ́ ara mi ṣe iná LED sórí àkùéríọ̀mù oníyùn mi (gíláàsì omi iyọ̀ tí mo ti ń sin ẹja àti iyùn ààyè inú òkun), tó gùn ní 90 cm. Mo to LED wáàtì 3 ní mẹ́ta-mẹ́ta, mo sì so wọ́n mọ́ ádápítọ̀ fólìtì 12. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó níkọ̀ọ̀kan. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni? (Súrùlérè)

Ó ṣeé ṣe kí LED yín má mọwọ́ mẹsẹ̀. Ádápítọ̀ yẹn la fura sí. Bí LED bá ṣe ń gbóná ni fólìtì tó nílò ń wálẹ̀, ṣùgbọ́n ádápítọ̀ ò mọ̀yẹn, 12 náà ló ń tì wọlé. Iná tó ń gba inú LED kọjá á wá máa pọ̀ sí i, LED á tún gbóná sí i, títí tó fi máa jó.

Dráfà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń bọ́ LED níná, irú èyí tí kì í jẹ́ kí iye iná yẹ̀, ni kí ẹ rà. LDD-700H ti ilé-iṣẹ́ Mean Well ń gbé 700 mA (mílíámpíà, òṣùwọ̀n iná tó ń ṣàn) jáde, kò lé, kò dín. LED kan ń gba nǹkan bíi fólìtì 3.3, ẹ to méjìlá tẹ̀ lé ara wọn, ó sún mọ́ 40 nìyẹn. Dráfà yìí fẹ́ kí iná tó ń wọlé fi fólìtì 3, ó kéré tán, ju èyí tó ń jáde lọ, torí náà pawa sọ́pláì fólìtì 48 ló bá a mu. Bí ẹ bá to mẹ́rìnlá, ó ti lé ní 46, kò ní tàn bó ṣe yẹ mọ́. Ìlà LED méjìlá kan, dráfà kan. Ẹni tó bá ní òun ń ṣọ́ owó, tó fi dráfà 1400 mA kan bọ́ ìlà méjì, lọ́jọ́ tí ìlà kan bá já, èkejì ló máa gba gbogbo 1400, á sì jó.

Ìlà méjì búlúù, irú èyí tí wọ́n ń pè ní royal blue, tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 450 nm, àti ìlà kan funfun 6500K (funfun bí ojú ọ̀sán) tó fún gíláàsì yín. LED 36 nìyẹn, bíi wáàtì 83. Heatsink (irin tó ń fa ooru kúrò lára LED) kékeré lásán ò lè gbé e: ẹ wá ti ámpílífáyà ńlá àtijọ́ l'Álábà, kí ẹ sì gbé fáànù lé e. Thermal paste (ọ̀rá tó ń gbé ooru LED lọ sára irin) tín-ín-rín ni kí ẹ fi sábẹ́ LED, bí ẹni ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì nígbà tí oṣù ti fẹ́ parí.

Kí ẹ tó so dráfà, ẹ yí mítà tí wọ́n fi ń yẹ iná wò sí ibi tó ti ń dún. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan sára heatsink, ẹ máa fi ìkejì kan ojú ibi tí ẹ ti fi òjé jó wáyà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ti dún, òjé ti ṣàn kan irin níbẹ̀. Ẹ tú u, ẹ tún un jó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi gíláàsì bo ojú LED, torí omi iyọ̀ tó bá ta sókè á jẹ wáyà títí á fi di aláwọ̀ ewé.

Ẹ gbà mí o! Mo fi LED rọ́pò iná fúlọ̀rẹ́sẹ́ǹtì, ọ̀sẹ̀ kejì ni iyùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ṣé kí n fi iná kún un ni? (Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà)

Rárá o, ẹ dín in kù. Iná ti pọ̀ jù fún un lójijì. Dráfà LDD tí a dárúkọ lókè ní ojú DIM, ibi tí a ti ń dín iná kù. Ẹ so kọ̀ntírólà PWM (ẹ̀rọ tó ń tan iná pa léraléra kíákíá láti dín in kù) mọ́ ọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 30 nínú 100, kí ẹ máa fi 10 kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ gbé iná náà ga sí 30 cm sójú omi.

Ẹ wo tẹ̀mómítà pẹ̀lú. Iyùn fẹ́ omi 25 sí 27°C. Nínú ooru Èkó lóṣù kẹta, omi lè gun 30, ìyẹn nìkan sì tó láti sọ iyùn di funfun. Fáànù tó ń fẹ́ sójú omi á ràn yín lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wa níbí kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ. Omi tó bá gbẹ, omi RO (omi tí wọ́n fi ẹ̀rọ sẹ́) tí kò níyọ̀ ni kí ẹ fi dí i, torí iyọ̀ kì í bá omi gbẹ.

Ṣé ínfátà mi, tó ní bátìrì kan fólìtì 12, 200 Ah, lè gbé iná yìí? (Ìsàlẹ̀ Èkó)

Ó lè gbé e. Bí a bá ka iná tó ń ṣòfò nínú dráfà àti pawa sọ́pláì mọ́ wáàtì 83 ti LED 36 òkè yẹn, bíi wáàtì 95 ni; wákàtí 8 á jẹ 760 Wh. Bátìrì náà ní 2,400, àmọ́ bó bá jẹ́ olómi, ẹ má lò ju ìdajì lọ, kò sì tíì kan èyí tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ. Nígbà tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ pẹ́, iná LED ni kí ẹ kọ́kọ́ pa, kì í ṣe pọ́ḿpù. Iyùn lè wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ méjì; ẹja tí omi rẹ̀ ò yí lè má rí ọ̀la.