Báwo ni mátíróònì ṣe lè mú kí nọ́ọ̀sì yé fojú díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ?

Ìbéèrè: Èmi ni mátíróònì yàrá ìgbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn ìjọba kan. A kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lẹ́yìn ìbímọ, àmọ́ kò pẹ́ tí wọ́n tún padà sí fífojú díwọ̀n. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, mátíróònì. Ìdálẹ́kọ̀ọ́ dára, àmọ́ ohun tí ọwọ́ nọ́ọ̀sì bá tó ní aago méjì òru ni yóò lò.

Ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀rí hàn wọ́n, torí agbẹ̀bí tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kò ní ṣàdédé gbà pé ojú òun lè tan òun. Ìwádìí E-MOTIVE, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2023, wáyé ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, nǹkan bí ìdajì (51%) lára àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn dà jù ni wọ́n rí. Níbi tí wọ́n ti lo ọ̀rá tó ní ìlà ìwọ̀n, tí wọ́n sì ń fún ìyá ní gbogbo ìtọ́jú lápapọ̀, 93% ni. Lára gbogbo ìyá tó bímọ lójú ara, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn dà tó lítà kan, tí wọ́n là níkùn nítorí rẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ dídà pa, jẹ́ 4.3% níbi tí wọ́n ti ń ṣe é bíi tẹ́lẹ̀, àmọ́ 1.6% níbi tí wọ́n ti lo ọ̀rá náà. Bá a bá ń fojú wò ó, aṣọ á ti fa nínú ẹ̀jẹ̀ náà, òmíràn á ti dà sílẹ̀.

Ọmọ gbọ́dọ̀ ti jáde kí wọ́n tó tẹ́ ọ̀rá náà sábẹ́ ìdí ìyá, kí omira má bàa pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀. Kí wọ́n máa wò ó ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún wákàtí àkọ́kọ́, pẹ̀lú ìlù ọkàn, ìfúnpá àti ilé ọmọ. Tó bá ti tó 500 ml, tàbí 300 ml tí ìlù ọkàn sì ti ju 100 lọ, kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: kí wọ́n fi ọwọ́ ra ilé ọmọ, kí wọ́n fún un ní oxytocin (oògùn tó ń mú kí ilé ọmọ sún kì), tranexamic acid (oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró) gíráàmù 1 sínú iṣan láàárín ìṣẹ́jú 10 (kò gbọdọ̀ ju wákàtí 3 lọ lẹ́yìn ìbímọ) àti dírípù, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojú ara rẹ̀ ya. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ni o. Ìdúró láti wò ó bóyá ọ̀kan á ṣiṣẹ́ kí a tó fún un ní èkejì ló ń pa ìyá.

Ibi tó sábà máa ń bàjẹ́ nìyí: oògùn wà ní fámasì tí wọ́n tì pa, tàbí wọ́n ní kí ọkọ lọ rà á. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè bá ọ̀gá fámasì sọ̀rọ̀, kí àpótí pàjáwìrì wà nínú yàrá ìgbẹ̀bí, kí wọ́n sì máa dá ohun tí a bá lò padà. Oxytocin ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì, ní 2 sí 8°C. Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá dókítà pẹ̀lú, kí nọ́ọ̀sì lè bẹ̀rẹ̀ kí dókítà tó dé. Ẹ̀rù ìbáwí ń dá ọ̀pọ̀ wọn dúró.

Lóṣooṣù, ẹ lẹ nọ́ńbà méjì péré mọ́ ògiri: iye ìyá tí ẹ̀jẹ̀ wọn dà jù, àti iye tó gba ìtọ́jú náà pé. Ẹ má kọ orúkọ nọ́ọ̀sì kankan, torí tí wọ́n bá ti rí i pé ìwé yẹn ń kó ìyà báni, ẹ̀jẹ̀ 600 ml á di 400 nínú ìwé. Kí ọ̀rá náà sì wà nínú ohun tí ẹ ń béèrè fún lóṣooṣù: ọjọ́ tó bá tán ni wọ́n máa padà sí fífojú díwọ̀n.