Àmì ara ewé sígà: èwo la lè gbójú fò, èwo la gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra páálí sígà (cigar) kan, ẹyọ 20 ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn ní àmì aláwọ̀ ewéko bí ìgbà tí omi kán sí wọn lára. Ọ̀kan ní tótòtó funfun kéékèèké tí àyíká wọn pọ́n. Òmíràn sì dà bíi pé wọ́n wọ́n eruku funfun sí i ní ìdí. Ṣé kí n dá gbogbo páálí náà padà ni?

Ìdáhùn: Mẹ́rin nínú márùn-ún tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Èyí tó ní eruku funfun ni kí ẹ yọ kúrò láàárín àwọn yòókù báyìí, kí ẹ tó ka ìyókù èsì mi. Àmì ara ewé nìkan ni mo sì ń sọ o. Èéfín tábà fúnra rẹ̀ ń pa ara lára, yálà àmì wà lára sígà tàbí kò sí.

Ewé tábà ni sígà láti òkè délẹ̀, kò ní bébà bíi sìgá. Ewé inú wà, ewé ìdè tó gbá a pọ̀ wà, ewé ìta tí wọ́n fi wé e kẹ́yìn sì wà. Ewé ìta ló fẹ́lẹ́ jù, ẹwà rẹ̀ ni wọ́n sì ń wò kí wọ́n tó ṣà á, ìdí nìyẹn tí àmì bíńtín fi máa ń já olówó rẹ̀ láyà. Ṣùgbọ́n oko lòun náà ti wá. Òjò pa á, oòrùn pa á, kòkòrò sì rìn lórí rẹ̀.

Kí ẹ tó dá àmì kankan lẹ́bi, ẹ nu ọwọ́ yín gbẹ, ẹ di ojú, kí ẹ rọra fi ìka gba orí rẹ̀ kọjá. Bí ìka ò bá mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, a jẹ́ pé inú ewé ló wà. Oko ló ti bá a wá, kò sì lè ran èkejì rẹ̀. Bí nǹkan bá yọrí sókè, tó ń kù sí yín lọ́wọ́, tàbí tí ìka kan ihò, ẹjọ́ wà níbẹ̀. Irú ewé bíi ti Kamẹrúùnù máa ń da èyí rú: gbogbo ara rẹ̀ ló rí ṣákiṣàki, nítorí kókó wẹ́wẹ́ tí òróró ewé wà nínú wọn. Bí irú ewé yẹn ṣe rí nìyẹn. Tirẹ̀ kárí gbogbo ara, kì í pọ̀ sójú kan.

Ẹ jẹ́ ká mú àmì aláwọ̀ ewéko. Bí wọ́n bá kórè tábà tán, wọ́n á so ewé rẹ̀ kọ́ sínú abà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó lè máa gbẹ díẹ̀díẹ̀. Kò gbọdọ̀ yára gbẹ, torí ìgbà tí omi ṣì wà lára rẹ̀ ni àwọ̀ ewéko ń ṣá, tó ń di yẹ́lò, kó tó wá pọ́n. Bí ojú kan bá ti fara pa, tàbí tó tètè gbẹ ju àyíká rẹ̀ lọ, àwọ̀ ewéko á há síbẹ̀ títí ayé. Kì í ṣe májèlé. Irú sígà kan wà tí wọ́n ń pè ní candela, ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi iná mú ewé ìta rẹ̀ gbẹ kíákíá kó má bàa pọ́n, gbogbo ara rẹ̀ ló sì tutù yọ̀yọ̀. Ohun tó wà ní ojú kan lára tiyín, òun ló kárí ara tirẹ̀. Bí iná bá dé ibẹ̀, ó lè falẹ̀ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ fi iná tọ́ ọ sọ́nà lẹ́ẹ̀kan, ó ti tán.

Tótòtó funfun yẹn ni wọ́n ń pè ní ojú ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wò ó: àárín rẹ̀ funfun bí eérú, ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, òrùka pupa rẹ́súrẹ́sú kan sì yí i ká. Fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Cercospora nicotianae ló ń fà á, ewé tó wà láàyè lóko ló sì ń bá jà, pàápàá nígbà tí òjò bá pọ̀. Kò lè tàn kálẹ̀ nínú páálí yín. Ohun kan ṣoṣo tó lè ṣẹlẹ̀ ni pé kí àárín tó fẹ́lẹ́ yẹn já, kí afẹ́fẹ́ máa gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ gé ewé bíńtín lára sígà tó ti bàjẹ́, ẹ fi gọ́ọ̀mù tó ṣeé jẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ihò, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi mú.

Ó wá ku eléruku. Àwọn kan á sọ fún yín pé òróró ewé ló jáde tó sì gbẹ, pé sígà tó gbó dáadáa ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ìdánilójú. Púpọ̀ nínú irú eruku bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti wò lábẹ́ maikirosíkóòpù, sígà tó bu ni, bí búrẹ́dì ṣe ń bu bó bá pẹ́ nílẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, torí ẹni tó tà á fún yín á fẹ́ rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí rẹ̀, ibi tí ẹ máa ń tanná sí. Bí funfun bá ti wọ àárín ewé inú, tó hu irun, tó ní àwọ̀ búlúù tàbí dúdú, tàbí tó ń rùn bí aṣọ tútù tí wọ́n ká pa mọ́, ẹ sọ ọ́ nù. Bó bá jẹ́ ara ewé ìta nìkan ni, tó funfun, tí kò sì nípọn, ẹ gbé e jáde síta, ẹ fi aṣọ gbígbẹ tó rọ̀ nù ún, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì níbi tí ọ̀rinrin kò ti ju 65% lọ. Bó bá tún padà wá, ẹ jù ú nù. Ẹni tó ní ikọ́ fée ò gbọdọ̀ dán èyí wò rárá.

Ọ̀rinrin tó pọ̀jù ló ń jẹ́ kí sígà bu. Kí inú àpótí sígà wà láàárín 65% sí 70%, kí ooru rẹ̀ wà láàárín 18°C sí 21°C. Distilled water ni kí ẹ máa lò fún ohun tó ń fi ọ̀rinrin sínú àpótí náà, kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ó kán sórí sígà: àmì dúdú tó bá yọ lẹ́yìn tí sígà ti dé ọwọ́ yín, irú omi bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń fà á, ewé á wú níbẹ̀, á sì là.

Ẹ tún wo gbogbo wọn bóyá ihò wà lára wọn. Ihò roboto tó dà bíi pé abẹ́rẹ́ ńlá ló lu ú, tí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ilẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, kòkòrò ajẹtábà tó ń jẹ́ Lasioderma serricorne ló dá a. Èyí ò ṣeé fojú fò, torí ẹyin rẹ̀ lè wà nínú àwọn yòókù. Bí ẹ kò bá lè dá páálí náà padà, ẹ ju àwọn tó ní ihò nù. Ẹ kó ìyókù sínú ọ̀rá méjì tó ṣeé dì pa, ẹ fi sínú fírísà tó tutù dé -18°C fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ gbé e bọ́ sínú fíríìjì fún ọjọ́ kan, kí ẹ tó gbé e síta. Ẹ má tú ọ̀rá náà títí ara wọn yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á sẹ̀ sára ewé, á sì fà á ya.

Ní ti páálí yín, bó bá jẹ́ ìdí sígà kan ṣoṣo ló bu, ẹni tó tà á lè pààrọ̀ ẹyọ yẹn nìkan. Bó bá tó mẹ́ta, tàbí tí ẹ rí ihò ẹyọ kan, ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà pẹ̀lú fọ́tò yín.