Ta la lè fẹjọ́ sùn tí wọ́n bá ń fìyà jẹ aláìsàn ọpọlọ ní ọsibítù ìjọba?

Ẹ ní Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin lẹ ti ń kọ̀wé, pé ẹ rí ojú okùn lọ́rùn ọwọ́ ẹ̀gbọ́n yín nígbà tẹ́ ẹ lọ kí wọn ní ọsibítù ìjọba. Ọlọ́run á wò wọ́n sàn.

Ọlọ́pàá tàbí procureur, ìyẹn agbẹjọ́rò ìjọba, ní ilé ẹjọ́ àgbègbè tí ọsibítù náà wà lẹ máa fẹjọ́ sùn. Ẹ kọ̀wé sí Commission Béninoise des Droits de l'Homme náà, àjọ tó ń gba ẹ̀sùn lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Abala 18 ìwé òfin ilẹ̀ Benin ti ọdún 1990 ka híhu ìwà ìkà sí ẹnikẹ́ni léèwọ̀, òfin 2017-06 sì wà fún ẹ̀tọ́ àwọn abirùn.

Ṣùgbọ́n ojú okùn kì í pẹ́ parẹ́. Ẹ tètè ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti orúkọ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ dókítà tí kì í ṣe ti ibẹ̀.

Èmi náà ní ẹbí nírú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tó gbà wá ni pé a ò jẹ́ kí wọ́n mọ ìgbà tá a máa dé: òwúrọ̀ lónìí, àsìkò oúnjẹ alẹ́ lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ ká apá aṣọ wọn sókè, ẹ wo ẹsẹ̀ wọn. Ẹ bi wọ́n léèrè níkọ̀kọ̀, kẹ́ ẹ sì gba ohun tí wọ́n bá sọ gbọ́. Àìsàn ọpọlọ kò sọ wọ́n di òpùrọ́. Ọ̀la gan-an ni kẹ́ ẹ padà lọ.