Àgbélébùú Orí Àsíá Asturias

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Mo rí àsíá ẹkùn Asturias ní àríwá ilẹ̀ Sípéènì: àgbélébùú aláwọ̀ ìyeyè lórí búlúù, lẹ́tà méjì sì so rọ̀ ní apá rẹ̀. Wọ́n ní àgbélébùú yìí gan-an ni Pelayo, ọba àkọ́kọ́ ní Asturias, gbé lọ sójú ogun. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló sì dé tí ìjọba fi ohun ìjọsìn ṣe àmì gbogbo ará ibẹ̀, nígbà tí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? — Òǹkàwé yín

ÌDÁHÙN: Ojúlówó àgbélébùú náà, tí wọ́n ń pè ní Àgbélébùú Ìṣẹ́gun, ṣì wà nínú Cámara Santa, ìyẹn yàrá ìṣúra kàtídírà ìlú Oviedo ní Asturias. Alfonso Kẹta, ọba Asturias nígbà tí ó ṣì jẹ́ ìjọba ọba, àti ayaba Jimena ló fi í ta ṣọ́ọ̀ṣì náà lọ́rẹ ní ọdún 908. Igi óákù ni inú rẹ̀, wúrà àti òkúta iyebíye ni wọ́n fi bò ó, gíga rẹ̀ sì tó sẹ̀ǹtímítà 92. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Látìn sí, tí ó dárúkọ ọba àti ayaba, tí ó ní àmì yìí ni ó ń dáàbò bo olùfọkànsìn, òun náà ni a fi ń ṣẹ́gun ọ̀tá, tí ó sì gégùn-ún pé kí ààrá Ọlọ́run sán pa ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé ọrẹ náà lọ. (Olè tí ó jí i ní ọdún 1977, tí ó sì fọ́ ọ nítorí wúrà ara rẹ̀, kò jọ ẹni tí ó ka ìlà yẹn; ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ó kó ni wọ́n rí gbà padà, tí wọ́n sì fi tún un ṣe.)

Ní ti Pelayo, ẹni tí ó ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Mùsùlùmí ní Covadonga, ní àwọn òkè Asturias, ní nǹkan bí ọdún 722, ìtàn àtẹnudẹ́nu ni pé igi tí ó gbé ni ó wà lábẹ́ wúrà náà. Àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì fi hàn pé igi náà kò dàgbà tó bẹ́ẹ̀, nítorí sáà Alfonso fúnra rẹ̀ ni ó bá mu.

Lójú tèmi, èyí kò dín iyì rẹ̀ kù, nítorí kì í ṣe Pelayo nìkan ni ó so ó mọ́ àwọn ará Asturias. Ní ọdún 910, àwọn ọmọ Alfonso gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, ìlú León sì di ibùjókòó ọba. Ọba kó lọ, àgbélébùú kò bá wọn lọ, òun sì ni ẹ̀rí tí ó hàn sójú jù lọ pé Oviedo ti jẹ́ olú ìlú ìjọba kan rí. Nítorí náà, nígbà tí Asturias gba òfin ìṣèjọba ara rẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1982, àgbélébùú yìí ni òfin náà fi sórí àsíá. Ìjọba àtijọ́ ni ó dúró fún lójú ẹni tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Síbẹ̀, àmì ìgbàgbọ́ kò kúrò lára rẹ̀, nítorí Álífà àti Òmégà inú Ìwé Ìfihàn ni lẹ́tà méjì tí ẹ rí.

Ẹ má ṣì í mú fún Àgbélébùú Àwọn Áńgẹ́lì, tí Alfonso Kejì fi tọrẹ ní ọdún 808: yàrá kan náà ni méjèèjì wà, ṣùgbọ́n àmì ìlú Oviedo ni ìyẹn, kì í ṣe ti gbogbo ẹkùn náà.