Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń mú mi wúkọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì, lisinopril ni wọ́n kọ fún mi. Oṣù kan rèé tí ikọ́ gbígbẹ ti ń yọ mí lẹ́nu lóru, ọkọ mi ò rí oorun sùn mọ́. Ṣé kí n jáwọ́ ńbẹ̀?
Ìyá Bọ̀sẹ̀, Ìbàdàn

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ bá mi kí bàbá. Oògùn yẹn máa ń fa ikọ́ fáwọn kan. Màmá tèmi náà wúkọ́ títí, orógbó la ń rà kiri kó tó yé wa! Ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Losartan tàbí amlodipine lè rọ́pò rẹ̀, ikọ́ á sì lọ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ bí ètè tàbí ahọ́n bá wú, ẹ má lo lisinopril yẹn mọ́ rárá, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.