Bẹ́ẹ̀dì Kan Ṣoṣo ní Springfield

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ọ̀rẹ́ mi kan takú pé ọkùnrin bíi tirẹ̀ ni Abraham Lincoln, Ààrẹ Amẹ́ríkà ayé ọjọ́un, ń fẹ́. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé Lincoln àti ọkùnrin kan jọ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà fún ọdún mẹ́rin. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni?
— Oníyàn, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì

ÌDÁHÙN: Oníyàn ọmọ mi, bẹ́ẹ̀dì yẹn wà lóòótọ́. Ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ bá lórí rẹ̀ ni mi ò rí.

Oṣù kẹrin ọdún 1837 ni Lincoln gun ẹṣin àyálò wọ Springfield, ní ìpínlẹ̀ Illinois. Ẹni ọdún 28 ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di lọ́yà, gbogbo ẹrù rẹ̀ kò sì ju àpò méjì tó fi kọ́ gàárì lọ. Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù Joshua Speed, ó béèrè iye tí tìmùtìmù, kúbùsù àti ìrọ̀rí bẹ́ẹ̀dì ẹnìkan máa jẹ́. Speed ṣírò rẹ̀: dọ́là 17. Lincoln ní kò wọ́n, àmọ́ òun ò ní in lọ́wọ́. Bí Speed bá lè ní sùúrù di Kérésì, tí iṣẹ́ lọ́yà bá sì gbe òun, òun á san án. Ojú rẹ̀ fà ro tó bẹ́ẹ̀ tí àánú fi ṣe Speed, ló bá ní bẹ́ẹ̀dì ńlá kan wà ní yàrá òun lókè, kí àwọn jọ máa sùn síbẹ̀. Lincoln gbé àpò gòkè, ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín: “Ó dáa, Speed, mo ti kó wọlé.” Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni ní ìtàn, ibí yìí ni kíláàsì máa ń bú sẹ́rìn-ín.

Ta ló sọ ọ́ fún wa? Speed fúnra rẹ̀ ni, kò sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń tú àṣírí. Nígbà yẹn, àwọn lọ́yà tó ń bá ilé ẹjọ́ kiri láti ìlú dé ìlú, méjì méjì ni wọ́n ń sùn. Àní William Herndon, tí òun àti Lincoln padà jọ ṣiṣẹ́ lọ́yà, náà sun yàrá Speed fúngbà díẹ̀.

Bí mo bá jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ, lẹ́tà ni ǹ bá gbé wá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì. Ní oṣù kìíní ọdún 1841, àdéhùn ìgbéyàwó Lincoln àti Mary Todd fọ́, Speed sì ń palẹ̀ mọ́ láti padà sí Kentucky. Lincoln kọ̀wé pé kò sẹ́ni tí ìbànújẹ́ rẹ̀ tó tòun láyé. Speed gbéyàwó ní oṣù kejì ọdún 1842. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, Lincoln kọ̀wé bi í bóyá inú rẹ̀ dùn lóòótọ́ pé ó gbéyàwó, ó ní kó tètè dáhùn, ara òun ò gbà á mọ́. Àwọn kan ka ìfẹ́ síbẹ̀. Èmi ka ẹ̀rù ìgbéyàwó: ọkùnrin méjì dúró létí odò, ọ̀kan ń dúró kí èkejì sọ bí omi ṣe tutù tó. Kò pé oṣù kan ààbọ̀ tó fi fẹ́ Mary, wọ́n sì bí ọkùnrin mẹ́rin. (Pé èèyàn bímọ kò sọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, mo mọ̀.)

Bó bá jẹ́ James Buchanan ni, ẹni tó ṣe Ààrẹ ṣáájú Lincoln, mi ò ní yára jiyàn. Kò gbéyàwó rárá. Òun àti Sẹ́nétọ̀ William Rufus King jọ gbé ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Washington, àwọn tó mọ̀ wọ́n nígbà náà gan-an ló sì ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Ní 1844, olóṣèlú kan nínú ẹgbẹ́ wọn kọ lẹ́tà tó ti sọ King di ìyàwó Buchanan, ó tiẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀. Ẹnu olóṣèlú nìyẹn o, ìjà ipò ló wà nídìí rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni wọ́n fi King ṣe aṣojú lọ sí Faransé. Buchanan kọ̀wé sí obìnrin kan pé òun nìkan ló kù nílé, pé òun ti dẹnu kọ ọ̀pọ̀ ọkùnrin ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbà. Ó ní kò ní ya òun lẹ́nu bí òun bá fẹ́ àgbà omidan kan tó lè tọ́jú òun lójú àìsàn, tó lè se oúnjẹ aládùn, tí kò sì ní retí ìfẹ́ gbígbóná lọ́wọ́ òun.

Kò fẹ́ irú omidan bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú ní 1868.