Ọjọ́ tí Ojúmọ́ Mọ́ Lẹ́ẹ̀mejì

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kà á pé àwọn ará Ṣáínà ìgbàanì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojúmọ́ mọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àti pé èyí ni àwọn onímọ̀ fi mọ ọdún tí ọba kan gorí ìtẹ́. Ṣé gbólóhùn kékeré bẹ́ẹ̀ tó gbára lé?

ÌDÁHÙN: Ó tó gbára lé dé ìwọ̀n kan, ṣùgbọ́n kò lè dá dúró. Láti ọdún 841 ṣáájú ìbí Kírísítì ni ọdún inú ìtàn Ṣáínà ti dúró ṣinṣin. Nínú èyí tó ṣáájú rẹ̀, a rí orúkọ àwọn ọba, ṣùgbọ́n ọdún wọn kò dájú. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi gbójú sókè ọ̀run, nítorí pé ìrìn oòrùn àti òṣùpá ṣeé ṣírò padà sẹ́yìn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún.

Inú ìwé ìtàn kan tí wọ́n kọ sára ọparun ni gbólóhùn yẹn wà, èyí tí wọ́n rí nínú ibojì ọba kan ní ilẹ̀ Wei, ọ̀kan lára àwọn ìjọba Ṣáínà àtijọ́, ní nǹkan bí ọdún 281 lẹ́yìn ìbí Kírísítì. Ó ní ní ọdún àkọ́kọ́ Ọba Yi ti ìdílé Zhou, ojúmọ́ mọ́ lẹ́ẹ̀mejì ní Zheng, ibì kan ní Ṣáínà. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé òṣùpá bo ojú oòrùn bó ṣe ń yọ: ilẹ̀ ti ń mọ́, òkùnkùn tún ṣú, ìmọ́lẹ̀ sì padà. Ìṣirò mú èyí bá ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 899 ṣáájú ìbí Kírísítì. Nígbà tí irú rẹ̀ bọ́ sí ìdájí ní Xinjiang, ní ìwọ̀ oòrùn Ṣáínà, ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 1997, àwọn ènìyàn jáde síta láti fojú ara wọn wò ó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ayé kò yí po lónìí bó ṣe ń yí nígbà náà. Ó ń falẹ̀ díẹ̀díẹ̀, débi pé láti ìgbà ayé Ọba Yi, aago tí a fi ayé kà àti aago ìṣirò ti fi nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà yàtọ̀ síra. Ẹni tí kò bá rántí èyí, ilẹ̀ mìíràn pátápátá ni òjìji òṣùpá yóò bọ́ sí nínú ìṣirò rẹ̀. Àwọn àkọsílẹ̀ àtijọ́ bí èyí náà ni a sì fi ń wọn bí ayé ṣe ń falẹ̀. Nítorí náà, bí a bá lo ìṣẹ̀lẹ̀ ọdún 899 láti wọn ìfalẹ̀ ayé, a kò tún gbọdọ̀ lo ìwọ̀n kan náà láti fi jẹ́rìí sí ọdún 899.

Ní tèmi, egungun tí wọ́n wú jáde ní Anyang ní Ṣáínà ni mo fọkàn tán jù. Nígbà Ọba Wu Ding ti ìdílé Shang, èyí tó jọba ṣáájú ìdílé Zhou, wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò, bí ẹni ń dífá, sára eegun èjìká màlúù àti igbá ìjàpá, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà sọ pé òṣùpá ṣókùnkùn ni pé nǹkan jẹ ẹ́. Márùn-ún irú rẹ̀ wà, orúkọ ọjọ́ sì bá wọn rìn, láti inú ọgọ́ta orúkọ ọjọ́ tó ń yí po. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé ó ṣẹlẹ̀ ní òru tó so ọjọ́ jiwei pọ̀ mọ́ ọjọ́ gengshen, ìṣirò sì gbé e sí ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1192 ṣáájú ìbí Kírísítì. Ìfalẹ̀ ayé kò fi bẹ́ẹ̀ da irú ẹ̀rí yìí rú, nítorí pé gbogbo ibi tí òṣùpá bá ti yọ ni wọ́n ti lè rí i. Márààrún bọ́ sáàárín ọdún 1201 sí 1181.

Bí ẹ bá rí ọdún 899 nínú ìwé, ẹ kà á sí àbá tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kí ẹ sì wò bóyá ẹni tó kọ ọ́ mú ẹ̀rí mìíràn tì í lẹ́yìn, irú bí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ohun èlò idẹ ìgbà ọba náà.